Awọ Ni Tàbí Igi? Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun-Èlò Ilé Tó Yẹ Ká Tún Ṣe àti Èyí Tó Yẹ Ká Pààrọ̀

Bí fíríìjì bá dákẹ́ nínú ilé kan ní Ẹdẹ, yálà ní Òkè-Gàdà tàbí lọ́nà Akódà, ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde. Ẹnì kan á ní kí wọ́n lọ pe oníṣẹ́ wá. Ẹlòmíì á ní owó tí wọ́n ti ná lé e lórí ti tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n gbé e síta, kí wọ́n ra òmíràn. Àwọn méjèèjì lè jàre, àwọn méjèèjì sì lè jẹ̀bi, torí kò tíì sí ẹni tó béèrè ohun tó yẹ kó ṣáájú: kí ló kú nínú rẹ̀, kí ló sì pa á?

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan máa fi bẹ̀rẹ̀, owó ló sì sọ ọ́ di dandan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ lọ́jà pàṣípààrọ̀. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi ₦460 lọ́wọ́ ìjọba títí di ìgbà náà kọjá ₦1,500 lọ́dún 2024. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ohun-èlò ilé wa ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀yà ara wọn tí àwọn oníṣẹ́ ń rà ti ń wá. Nígbà tí dọ́là gòkè, gbogbo wọn bá a gòkè. Ẹni tó náwó sórí òkú ti pàdánù. Ẹni tó gbé alààyè jù nù pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo iná

Kí a tó dá ohun-èlò lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká wo iná tó ń jẹ. Òṣogbo tó múlé gbe Ẹdẹ ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ iná tó ń gba òpó àdúgbò wọlé kì í fi gbogbo ìgbà dúró ṣinṣin. Nǹkan bíi fólítì 230 ló yẹ kó jẹ́. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan nǹkan tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè wálẹ̀ gan-an. Gílóòbù á ṣì máa tàn bàìbàì, fáànù á ṣì máa yí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fíríìjì nílò agbára púpọ̀ kó tó lè gbéra. Bí agbára yẹn kò bá tó, á kùn hùn-ùn, ara rẹ̀ á gbóná, ohun kékeré tó ń ṣọ́ ọ, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ofalóòdù, á sì já a kúrò lórí iná. Ẹni tó ni ín á rò pé ó ti kú, bẹ́ẹ̀ iná ni kò yó.

Àyẹ̀wò tí kò náni ní kọ́bọ̀ ló yẹ kó ṣáájú ìpè oníṣẹ́. Ẹ ki ohun-èlò mìíràn tí ẹ mọ̀ pé ó dára bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Bí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń fẹ́ àtúnṣe. Ẹ tú pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta wò, torí fíúsì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ṣe kó máa jó kí ohun-èlò fúnra rẹ̀ má baà jó. Ẹ wo nọ́ńbà fólítì tí sitebiláísà, ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró ṣinṣin, ń kọ. Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ fi fíríìjì sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tàn án. Gáàsì tó wà nínú páìpù rẹ̀ ní láti fara balẹ̀ ní apá méjèèjì. Bí wọ́n bá tàn án kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹrù tó ju agbára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lọ ni wọ́n gbé kà á lórí.

Bó bá sì jẹ́ pé iná ló pa á lóòótọ́, ohun tó kàn ni láti tún ọ̀rọ̀ iná náà ṣe. Ẹni tó ra fíríìjì tuntun, tó wá so ó mọ́ iná tó pa ti àkọ́kọ́ láìsí sitebiláísà tó lè gbé e, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ fún èkejì.

Awọ àti igi

Ẹdẹ jẹ́ ìlú tó mọ ìlù. Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, tó wà lórí ìtẹ́ Tìmì láti 1946 títí di 1975, mọ dùndún lù débi pé òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Lọ́wọ́ àwọn ọmọ Àyàn la ti lè rí ọgbọ́n tí ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́ kọ́. Bí awọ dùndún bá ya, kò sí onílù tó máa gbé ìlù jù nù. Awọ ewúrẹ́ ni. Ó ń gbó, ó ń ya, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á fi òmíràn bò ó. Bí ọṣán bá já, wọ́n á so òmíràn. Igi tí wọ́n gbẹ́, ìbáà ṣe igi ọmọ tàbí apá, ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ìgbà tí igi bá là ni onílù tó ń rò ó bóyá kó lọ wá òmíràn.

Gbogbo ohun-èlò ilé ló ní awọ àti igi tirẹ̀. Awọ ni ẹ̀yà tí ẹni tó ṣe é ti mọ̀ pé yóò gbó ṣáájú ìyókù, tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ lọ́jà, tí a sì lè yọ láìba nǹkan mìíràn jẹ́. Igi ni ẹ̀yà tí wọ́n to gbogbo ìyókù yí ká, tí iye owó rẹ̀ ń sún mọ́ iye odindi ohun-èlò. Bó bá jẹ́ awọ ló bàjẹ́, ẹ tún un ṣe, kódà kí ohun-èlò náà ti pẹ́ nílé. Bó bá jẹ́ igi, ẹ dúró, ẹ ṣe ìṣirò. Àwọn àgbà ní a rí tàrùn ṣe, a ò rí tikú ṣe. Ohun tó kù fún wa ni ká mọ èyí tó jẹ́ àrùn.

Bí ohun-èlò kọ̀ọ̀kan ṣe ń sọ ohun tó ń ṣe é

Fáànù ló rọrùn jù. Bí kò bá gbéra fúnra rẹ̀, àmọ́ tó ń yí nígbà tí wọ́n bá pa iná rẹ̀, tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ta abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì tan iná padà, kapásítọ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Owó kékeré ni. Bó bá ń falẹ̀ tó sì ń han, búúṣì rẹ̀ ti gbẹ: òróró tàbí búúṣì tuntun ló ń fẹ́. Bí kò bá yí rárá tó sì ń rùn bíi nǹkan tó jó, kọ́ìlì ti jó nìyẹn. Igi fáànù ni kọ́ìlì, ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ wa mọ bí wọ́n ṣe ń fi wáyà kọ́pà wé òmíràn. Bí ara fáànù náà bá jẹ́ irin gidi, iṣẹ́ yẹn lérè. Bó bá jẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọrùn rẹ̀ ti ń ṣẹ́, owó wíwé kọ́ìlì á bọ́ sórí ohun tí kò ní lè gbé e dọ́dún tó ń bọ̀.

Áyọ̀ọ̀nù tí kò gbóná mọ́, ẹ wo wáyà rẹ̀ níbi tó ti ń wọnú ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń tẹ̀ jù, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ já. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ áyọ̀ọ̀nù òde òní, inú irin ìsàlẹ̀ ni wọ́n da ẹ̀yà tó ń mú un gbóná pọ̀ mọ́. Bí ìyẹn bá lọ, ẹ pààrọ̀ odindi. Bùlẹ́ńdà tí mọ́tò rẹ̀ ń kùn ṣùgbọ́n tí ọ̀bẹ rẹ̀ kò yí, rọ́bà tó so ife mọ́ ìdí rẹ̀ ló jẹ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀wà tí kò lómi tó ni wọ́n fi í lọ̀ títí èéfín fi jáde, mọ́tò ló lọ.

Tẹlifísọ̀n pẹlẹbẹ tó ń sọ̀rọ̀ tí kò fi àwòrán hàn kì í ṣe òkú dandan. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn sí ojú rẹ̀ gbàgà. Bí ẹ bá rí òjìji àwòrán tó ń rìn, àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ tó ń tàn láti ẹ̀yìn ló kú, wọ́n sì ń rí wọn pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá fọ́, igi ti là nìyẹn: iye ojú nìkan sábà máa ń sún mọ́ iye tẹlifísọ̀n tuntun.

Orí fíríìjì lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Bí kò bá tutù dáadáa, ẹ kọ́kọ́ pa ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ìwé pelebe kan lẹ́nu. Bí ìwé náà bá yọ wọ́rọ́wọ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti gbó, ooru sì ń gbabẹ̀ wọlé. Ẹ gbọn eruku tó lẹ̀ mọ́ páìpù ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fa ìdí rẹ̀ jìnnà sí ògiri díẹ̀ kí ooru rẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Támósítáàtì, rílè àti ofalóòdù, awọ ni gbogbo wọn.

Lórí gáàsì, ó yẹ kí gbogbo ilé mọ ohun kan: gáàsì fíríìjì kì í tán bíi gáàsì ìdáná. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yí po, kò sì sí ibi tó ń gbà lọ àfi kí páìpù náà lu. Nítorí náà, oníṣẹ́ tó ń fi gáàsì kún un ní oṣù díẹ̀ síra láìwá ibi tó lu kò tíì tún nǹkan kan ṣe. Bó bá jẹ́ ara páìpù tó hàn síta ló ti lu, wọ́n á jó o pa. Bó bá jẹ́ inú fóòmù tó wà láàárín ara rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀bẹ ló ń lu páìpù náà, nígbà tí ẹnì kan bá ń fi í họ yìnyín tó gan mọ́ ògiri inú. Ẹ pa iná rẹ̀, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, yìnyín á yọ́ fúnra rẹ̀.

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni igi fíríìjì. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ á san owó kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, owó gáàsì, owó fílítà àti owó iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò tó yẹ ká ṣe

Òfin kan gbajúmọ̀ káàkiri ayé: bí owó àtúnṣe bá kọjá ìdajì iye tuntun, ẹ ra tuntun. Ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè tan ni jẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé fíríìjì tuntun jẹ́ ₦400,000, kí àtúnṣe kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti àtijọ́ jẹ́ ₦150,000. Kò tó ìdajì, nítorí náà òfin yẹn ní ká tún un ṣe. Àmọ́ bí ara rẹ̀ bá ti dípẹtà, tó jẹ́ pé ọdún méjì péré ló kù fún un, ọdún kọ̀ọ̀kan ń jẹ ₦75,000. Tuntun tó bá lo ọdún mẹ́wàá ń jẹ ₦40,000 lọ́dún. Ní ìdàkejì, bó bá jẹ́ támósítáàtì ló lọ, tí gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ ₦20,000, ọdún méjì yẹn ń jẹ ₦10,000 lọ́dún kan. Fíríìjì kan náà, ọjọ́ orí kan náà, ìdáhùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi iye ọdún tó kù pín owó àtúnṣe, kí ẹ fi iye ọdún tí ẹ retí lọ́wọ́ tuntun pín owó tuntun, kí ẹ wá gbé méjèèjì síra.

Ẹ ro owó iná mọ́ ọn. Ká sọ pé fíríìjì àtijọ́ ń jẹ yúníìtì méjì lójúmọ́, kí tuntun máa jẹ ẹyọ kan. Bí yúníìtì bá jẹ́ ₦200, ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦73,000. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n ó wà lọ́wọ́ báńdì tí àdúgbò yín wà. Nínú ètò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020, tó fi iye wákàtí iná pín àdúgbò sí báńdì, àwọn tó wà ní Báńdì A ló yẹ kó ní iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, Báńdì E sì jẹ́ wákàtí mẹ́rin. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó Báńdì A nìkan lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Ẹni tó wà níbẹ̀ á tètè rí èrè ohun-èlò tí kì í jẹ iná púpọ̀. Ẹni tó ń rí iná fún wákàtí mẹ́rin tàbí mẹ́jọ kò ní rí èrè yẹn kíákíá. Kó má jẹ́ kí òǹtajà fi ìyẹn nìkan yí i lọ́kàn padà.

Ẹ tún wo ohun tí ìdákẹ́ rẹ̀ ń ná yín. Fún ìyá tó ń ta omi tútù tàbí ẹja dídì ní Òwódé-Ẹdẹ, ọjọ́ kan tí fíríìsà fi dákẹ́ jẹ́ ọjọ́ kan tí ọjà bàjẹ́. Bí tirẹ̀ bá ti ń ṣe ségesège, ó lè tọ́ fún un láti pààrọ̀ rẹ̀ kó tó kú pátápátá. Ìdílé tó ń fi tiwọn tọ́jú ọbẹ̀ lè ní sùúrù. Ẹni tí owó tuntun kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀, kó ka èlé owó tó fẹ́ yá mọ́ iye tuntun náà. Ìgbà mìíràn wà tí àtúnṣe ọdún kan á jẹ́ ọgbọ́n tó dára jù, bí onítọ̀hún bá bẹ̀rẹ̀ àjọ fún tuntun lọ́jọ́ tó san owó oníṣẹ́.

Bí a ṣe ń bá oníṣẹ́ lò

Àṣà kan wà tó ń pa wá lára: a kì í fẹ́ san owó àyẹ̀wò. A fẹ́ kí oníṣẹ́ wá wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ká wá san owó ohun tó bá pààrọ̀. Àwa fúnra wa la fi ìyẹn sọ fún un pé àfi tó bá pààrọ̀ nǹkan kan ló tó lè jẹun. Ẹ san owó fún ojú tó fi wò ó àti ọgbọ́n tó wà lórí rẹ̀. Oníṣẹ́ tó ti gbowó àyẹ̀wò lè fi ìbàlẹ̀ ọkàn sọ fún yín pé, "Mọ̀mí, ẹ má náwó lórí eléyìí mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan lè gba odidi owó fíríìjì sílẹ̀ fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè: kí ló kú? Kí ló pa á? Èló ni ẹ̀yà, èló niṣẹ́ ọwọ́ yín? Oṣù mélòó ni ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún mi? Kí ẹ sì ní kó fún yín ní èyí tó yọ kúrò. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹdẹ kò ṣaláìní àwọn tó mọṣẹ́: àwọn tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá wà, Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Gbogboníṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1992 náà sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná.

Ohun tí a kì í jiyàn lé lórí

Ewu kò ní ìṣirò. Ohun-èlò tó ń gbé iná múni lára, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì tàn án mọ́ títí oníṣẹ́ á fi rí ìdí rẹ̀. Wáyà tó ti yọ́, pílọ́ọ̀gì tó ń jó dúdú, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹnikẹ́ni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ tú máíkírówéèfù, torí kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè gbé iná tó ń pani dúró kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì wo ìwé tó wà lára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fíríìjì tuntun: bó bá jẹ́ R600a ni wọ́n kọ síbẹ̀, gáàsì tó lè gbiná ni. Oníṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi iná jó páìpù rẹ̀ nígbà tí gáàsì bá ṣì wà nínú rẹ̀.

Bó bá di pípààrọ̀, ẹ ṣọ́ra fún tòkúnbọ̀. Àwọn fíríìjì, fíríìsà, ẹ̀rọ amúlétutù àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n ti lò rí wà lára ohun tí òfin Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó wọlé. Ghana náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣẹ lọ́dún 2013. Ìdí rẹ̀ yéni: wọ́n ń jẹ iná, wọn kì í pẹ́, àwọn àtijọ́ lára wọn sì lo gáàsì bíi R12, tó ń ba ìpele ósónì tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn jẹ́, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti dẹ́kun nínú Àdéhùn Montreal lọ́dún 1987. Fún àwọn ohun-èlò mìíràn, ẹ ka ara wọn. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà lè jẹ́ ti fólítì 120. Bí wọ́n bá so ó mọ́ iná wa láìsí ẹ̀rọ tó ń dín iná kù, ọjọ́ náà ló máa jó.

Òkú ohun-èlò náà kì í ṣe ohun tí a ń dà sẹ́bàá odò tàbí tí a ń sun láti fi wá kọ́pà. Èéfín ọ̀rá wáyà jẹ́ májèlé fún ẹni tó ń sun ún àti fún ọmọ tó ń ṣeré nítòsí. Láti ọdún 2011 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà ìṣàkóso àyíká lórí ohun-èlò oníná, tí àjọ NESREA ń bójú tó. Fún ilé kan ní Ẹdẹ, ọ̀nà tó yá jù ni láti gbé e fún oníṣẹ́: rọ́bà ilẹ̀kùn, mọ́tò kékeré, pátákó inú fíríìjì yín lè jí ti ẹlòmíràn dìde.

Ọjọ́ tí a rà á

Bí ẹ bá wo gbogbo ohun tí a ti sọ, ẹ óò rí i pé kì í ṣe ọjọ́ tí ohun-èlò bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bẹ̀rẹ̀. Bóyá ẹ̀yà rẹ̀ wà lọ́jà, bóyá ó ṣeé tú, ọjọ́ tí a rà á ni wọ́n ti pinnu rẹ̀. Láti ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé ti ní kí àwọn tó ń ta irú ohun-èlò kan máa kọ máàkì sí i lára, nínú mẹ́wàá, tó ń fi hàn bó ṣe rọrùn tó láti tún ṣe. Lọ́dún 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin tó fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí àtúnṣe. Àwa kò ní máàkì yẹn lára ọjà wa, ṣùgbọ́n a ní àwọn tó mọ̀ ọ́n. Oníṣẹ́ tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ mọ orúkọ tí ẹ̀yà rẹ̀ wà ní Òṣogbo àti Ìbàdàn, ó sì mọ èyí tí wọ́n máa ń fi oṣù mẹ́ta wá kiri. Kí a tó lọ bá òǹtajà, ẹ jẹ́ ká lọ bá oníṣẹ́. Bí a bá rà á tán, ká kọ ọjọ́ tí a rà á, àtúnṣe kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀ sínú ìwé kan, ká fi pamọ́ pẹ̀lú rìsíìtì. Ilé tó bá ní ìwé yẹn kò ní máa jà nígbà tí fíríìjì bá dákẹ́. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á kà á, wọ́n á sì mọ èyí tó kàn láti ṣe.